Ìwé Atọ́nà àti Ọkọ̀ Ìjàpá: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Onímọ́tò Etí Òkun Àgbádárìgì

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí wà fún àwọn tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré àtijọ́, pàápàá jùlọ ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, ní agbègbè etí òkun láti Ọ̀jọ́ dé Àgbádárìgì, àti títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè fi ìwé atọ́nà ìtúnṣe mú un pẹ́, kí ó má baà di òkú irin lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Ìlú Àgbádárìgì kì í ṣe àjèjì sí ìwé. Ní ọdún 1845 ni Samuel Ajayi Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ìjọ àti iṣẹ́ ìwé kíkà, ilé alájà tí a kọ́ parí ní ọdún náà sì ṣì dúró níbẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa tí ó mọ ìwé kà dáradára kì í rántí pé ọkọ̀ tí àwa ń wà ní ìwé tirẹ̀. A ó ra ọkọ̀, a ó ra táyà, a ó ra rédíò sí i, ṣùgbọ́n ìwé tí ó sọ bí a ti í tọ́jú rẹ̀ kò sí nínú ohun tí à ń béèrè.

Bí Ìjàpá ti ṣe di ti wa

Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Láti orílẹ̀-èdè Brazil ni a ti ń di ẹ̀yà ara Ìjàpá sínú àpótí wá, tí àwọn òṣìṣẹ́ wa sì ń tò ó pọ̀ níhìn-ín. Ibẹ̀ náà ni a ti to ọkọ̀ tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Igala, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ Brazil. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí ni iṣẹ́ títo Ìjàpá ti dópin ní Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n àwọn èrò ọkọ̀ ṣì ń pe ibùdókọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ní Volks.

Ní gbogbo àgbáyé pàápàá, a kò ṣe Ìjàpá mọ́. Ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 2003, ni èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla ní Mexico, lẹ́yìn tí a ti ṣe èyí tí ó ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógún lọ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó bá ní ọ̀kan ni pé kò sí tuntun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n tinútẹ̀yìn sì ń darúgbó. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lónìí, ọkọ̀ olómi àti ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń tú. Nítorí náà, ìmọ̀ tí ó wà lórí nígbà kan rí, inú ìwé ni ó kù tí a ti lè rí i láìdínkù.

Irú ìwé tí à ń sọ

Oríṣi ìwé méjì ni ó wà, a kò sì gbọdọ̀ da wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni ìwé kékeré tí ilé iṣẹ́ máa ń fi sínú ọkọ̀ fún ẹni tí ó rà á. Èyí a máa sọ bí a ti ń tan iná, irú ọ́ìlì tí a ó lò, ìwọ̀n atẹ́gùn táyà, àti ìgbà tí a gbọ́dọ̀ ṣe ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìwé atọ́nà ìtúnṣe, tí ó nípọn, tí ó kún fún àwòrán, tí ó sì ń sọ bí a ti ń tú nǹkan àti bí a ti ń dá a padà.

Nínú irú èkejì yìí, méjì gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn onílé Ìjàpá káàkiri ayé. Ọ̀kan ni ọ̀wọ́ ìwé Haynes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1966 ni John Haynes tẹ àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ náà jáde, lórí ọkọ̀ Austin-Healey Sprite. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí àwọn òǹkọ̀wé tú ọkọ̀ palẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì tún un tò, kí wọ́n máa ya àwòrán bí iṣẹ́ ti ń lọ. Èkejì ni ìwé tí John Muir, ẹni tí ó jẹ́ ẹnjiníà, tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, tí ó kọ fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan sípánà rí láti fi tún Volkswagen rẹ̀ ṣe. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí gbà pé ẹni tí ó bá lè kàwé, tí ó sì ní sùúrù, lè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ojú ewé kìíní, kí ó kọ́kọ́ mọ irú Ìjàpá tí òun ní. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ yìí títí di òpin rẹ̀, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ti àtijọ́ ń lo iná bátìrì 6 fóòtì. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn náà ń lo 12. Ẹ́ńjìnnì wọn wà ní 1200, 1300, 1500 àti 1600. Ẹni tí ó bá fi òǹkà ti ọ̀kan ṣe òmíràn, ìwé kò ṣẹ̀ ẹ́, òun ni ó ṣẹ ìwé.

Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè, ẹ ó rí nọ́ńbà ọkọ̀ tí a tẹ̀ sára irin tí ó ga ní àárín ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ ṣí ibi ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lára irin rẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí dáínámò jókòó lé. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ sì fi wọ́n wé ohun tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ní ilẹ̀ wa, ó wọ́pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú ọkọ̀ má ṣe jẹ́ èyí tí ó bá a wáyé, nítorí pé a ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ tẹ̀lé ní orí ìwé tí ó jẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tẹ̀lé nọ́ńbà ọkọ̀ ní orí tí ó jẹ mọ́ bíréèkì àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Ẹ tún rántí pé Brazil ni àwọn ti Ọ̀jọ́ ti wá. Ìwé tí a kọ fún ọkọ̀ Jámánì lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń fi ojú yín rí. Níbi tí ojú àti ìwé bá ti takora, ẹ dúró, ẹ béèrè, kí ẹ tó fi agbára sí i.

Bí a ti ń kà á

Àṣìṣe tí ó pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn di sípánà mú ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ó di ìwé mú ní ọwọ́ òsì, kí ó máa ka gbólóhùn kan, kí ó sì máa tú nọ́ọ̀tì kan. Nígbà tí ó bá fi máa ka ìlà kẹwàá, yóò rí i níbẹ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ ti tú ti ìlà kẹta láìní gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́. Ọjọ́ ti lọ, ọkọ̀ ti túká, ọjà sì jìnnà. Nítorí náà, òfin kìíní ni pé kí a ka gbogbo orí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà tán ní alẹ́, lórí àga, pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́, kí a sì kọ orúkọ irinṣẹ́ àti ohun èlò tí a ó nílò sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òfin kejì ni pé kí a mọ ibi tí ìwé dúró sí nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Bí ìwé bá sọ pé ọwọ́ òsì, ti ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí ó kọjú sí iwájú ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó dúró lẹ́yìn tí ó ń wo ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá sọ pé iwájú ẹ́ńjìnnì, apá tí ó kọjú sí imú ọkọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: sílíńdà mẹ́rin ni ó ní. Ìkíní àti ìkejì wà ní apá ọ̀tún, ìkẹta àti ìkẹrin wà ní apá òsì. Ìkíní àti ìkẹta ni ó sún mọ́ imú ọkọ̀. Bí wọ́n ti ń tanná tẹ̀léra wọn ni 1, 4, 3, 2. Ẹni tí ó bá yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà láìsàmì sí wọn, tí ó sì ṣi òsì mú fún ọ̀tún, ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa yìnbọn bí ọdẹ ni, kò sì ní lọ síbì kan.

Òfin kẹta ni pé kí a to ohun tí a bá tú sílẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ ní ẹsẹẹsẹ bí ó ti ń jáde. Àwọn ìwé wọ̀nyí sábà máa ń sọ fún òǹkàwé pé bí a ti tú nǹkan ni kí a dá a padà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó da gbogbo nọ́ọ̀tì sínú agolo kan kò lè tẹ̀lé e.

Òfin kẹrin ni fún ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rọrùn fún. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì nínú ìwé náà kò pọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí "clearance", ààyè tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín irin méjì ni ìwé ń sọ. Níbi tí ẹ bá ti rí "torque", bí a ti gbọ́dọ̀ mú nọ́ọ̀tì le tó ni. Níbi tí ẹ bá ti rí "warning", ẹ̀mí yín ni ìwé ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe fò ó. Bí ọmọ kan bá wà nílé tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí ó jókòó ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kí ó máa kà á sókè. Àwọn méjèèjì ni yóò jèrè.

Ìtumọ̀ òǹkà

Òǹkà ni ọkàn ìwé atọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ méjì wò.

Àkọ́kọ́ ni ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní títún tápẹ́ẹ̀tì ṣe. Fáàfù ni ìlẹ̀kùn kéékèèké tí atẹ́gùn àti epo ń bá wọlé sínú sílíńdà, tí èéfín sì ń bá jáde. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, ìwé sọ pé kí ààyè 0.15 mìlímítà wà láàárín orí fáàfù àti apá tí ń tì í, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá. Fún àwọn kan, 0.10 ni, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi sọ pé kí ìwé bá ọkọ̀ mu. Ààyè yìí kéré púpọ̀, kò sì sí ojú tí ó lè wọ̀n ọ́n. Gáàjì tín-ín-rín ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ààyè bá ti pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa dún kọ̀kọ̀kọ̀, onílé yóò sì sáré lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí ààyè bá ti kéré jù, ariwo á dákẹ́, inú onílé á dùn, ewu sì ti dé. Ìdí ni pé nígbà tí fáàfù bá padé dáradára ni ooru ara rẹ̀ ń rí ọ̀nà lọ sínú irin tí ó fara tì. Bí kò bá lè padé tán, yóò máa jó títí yóò fi fọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ó dákẹ́ ni ara rẹ̀ yá.

Èkejì ni nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà tí ó di ìdérí àsẹ́ ọ́ìlì mú lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí a ti gbọ́dọ̀ mú wọn le tó kò ju 7 Nm lọ, èyí tí kò gba agbára apá rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ara rẹ̀ le a máa fà wọ́n bí ìgbà tí ó ń fa nọ́ọ̀tì táyà, títí bóòtù yóò fi já kúrò nínú irin rírọ̀ tí ó wà. Láti ọjọ́ náà ni ọ́ìlì yóò ti máa kán sílẹ̀. Àwọn bàbá wa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe náà dàgbà ju ọkọ̀ lọ, ó sì ṣe é lò lábẹ́ ọkọ̀.

Ohun tí etí òkun wa fi kún ìwé

Àwọn tí ó kọ ìwé wọ̀nyí kò gbé Gbẹ̀rẹ̀fù, wọn kò sì rí bí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fi iyọ̀ kun gbogbo irin láàárọ̀ àti lálẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi òye tiwa kún tiwọn. Níbi tí ìwé bá ti sọ ìgbà ìtọ́jú, ẹ wò ó bóyá ó sọ ohun kan nípa ilẹ̀ eléruku tàbí ilẹ̀ olóoru. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni ó kàn wá.

Ọ́ìlì ni a ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ìjàpá kò ní omi tí ń tù ú. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì ni ó ń gbé ooru rẹ̀ lọ. Lítà méjì àtààbọ̀ péré ni ó sì ń gbà. Kò ní àsẹ́ oníwèé bíi ti ọkọ̀ òde òní. Àsẹ́ onírin ni ó ní, tí ó ń dá pàǹtírí ńlá dúró, ṣùgbọ́n tí kò lè mú eruku kíkúnná. Ìdọ̀tí tí ó bá wọlé, àyàfi ìgbà tí a bá da ọ́ìlì nù ni yóò tó jáde. Níbi tí ìwé bá sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà, ẹni tí ó ń rìn nínú iyanrìn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà wa ṣe ohun rere bí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà náà.

Lẹ́yìn èyí ni àsẹ́ atẹ́gùn. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ní irú èyí tí a ń bu ọ́ìlì sí nísàlẹ̀, tí ọ́ìlì náà sì ń mú iyanrìn mọ́lẹ̀ kí ó má baà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí i, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí ẹrẹ̀ bá ti ga níbẹ̀, kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe mọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sì bu ọ́ìlì tuntun sí i dé ibi tí a sàmì sí, kí ó má lé, kí ó má dín.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì, èyí tí ó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ àti omi kíkan bátìrì a máa jẹ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, títí ilẹ̀ ọkọ̀ yóò fi dógùn-ún tí yóò sì lu. Ewu tí ó ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Àga náà ní sípíríìngì onírin. Bí ìdérí bátìrì bá ti sọnù, tí èrò tí ó sanra sì jókòó lé àga, sípíríìngì lè fara kan orí bátìrì, kí iná sì ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn. Ẹ má ṣe wa Ìjàpá tí bátìrì rẹ̀ kò ní ìdérí. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ tú bátìrì, wáyà tí ó lọ sára ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kí ẹ dá padà kẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, bí sípánà bá tilẹ̀ kan ara ọkọ̀, kò ní tanná.

Ẹ̀kẹrin ni omi bíréèkì. Omi yìí a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà wa sì kún fún ọ̀rinrin. Bí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn páìpù yóò máa jẹ láti inú wá. Bí bíréèkì bá sì gbóná gan-an, omi náà lè di oruku, kí ẹsẹ̀ wọlẹ̀ láìmú nǹkankan. Nítorí náà ni a fi gbani nímọ̀ràn pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá ní ọdún méjì méjì. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé, nítorí yóò ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni jáàkì. Ìwé máa ń fi ibi tí a ó ti ti jáàkì bọ̀ ọ́ hàn nínú àwòrán, lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìpáàrà fẹ́ràn jù. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ sì fi pákó tí ó gbòòrò sí abẹ́ jáàkì nítorí iyanrìn. Ẹni tí ó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dógò.

Ẹ̀kẹfà ni rọ́bà epo tí ó ń gbé pẹtiróòlù lọ sí káàbúrétọ̀. Ooru a máa mú un gbẹ, yóò sì là. Epo tí ó bá kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná kì í fún ni ní àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Owó rọ́bà náà kò tó nǹkan. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó là.

Iná pupa

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo tíṣà kan tí ó ń wa Ìjàpá rẹ̀ láti Àgbádárìgì lọ sí Ọ̀jọ́. Ní Agbára, iná pupa tàn níwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó ní ó kù díẹ̀ kí òun dé, ó sì tẹ̀síwájú. Ní Ọ̀kọ́kọ́màìkò, ẹ́ńjìnnì ké, ó sì dákẹ́. Wọ́n tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

"Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibo ni iná yìí ti tàn?"

"Láti Agbára ni, ọ̀gá."

"Háà! Ẹ sì ń wà á bọ̀? Bẹ́líìtì yín ti já."

"Mo rò pé ti bátìrì nìkan ni. Mo ní bí mo bá délé, n ó pe rewáyà."

"Rárá o, sà. Bẹ́líìtì tí ń yí dáínámò yìí kan náà ni ó ń yí fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ olómi lè fara dà á díẹ̀. Ìjàpá kò lè fara dà á. Ẹ kò ní ìwé rẹ̀ ni?"

"Ó wà nílé. N kò tíì ṣí i."

Ìwé tí ó wà nílé yẹn ìbá ti sọ fún un pé kí ó dúró lójú ẹsẹ̀ tí iná náà bá tàn. Ìbá ti sọ fún un pé bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì ní àárín, kí ó wọlé bí 15 mìlímítà, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá ti fi hàn án pé àwọn ìrùkà pẹlẹbẹ wà láàárín ojú méjèèjì kẹ̀kẹ́ dáínámò: bí a bá yọ ọ̀kan kúrò láàárín, bẹ́líìtì yóò le sí i, èyí tí a bá yọ, ìta ni a ó fi sí lábẹ́ nọ́ọ̀tì kí ó má baà sọnù. Bẹ́líìtì kan tí a fi pamọ́, sípánà 21 kan àti sukudiráfà kan ni ìbá gba ẹ́ńjìnnì náà là lẹ́bàá ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Ìwé, mẹkáníìkì àti ìwé àkọsílẹ̀

A kò sọ pé kí onílé lé mẹkáníìkì rẹ̀ lọ. Ọwọ́ tí ó ti ṣe iṣẹ́ ní ogún ọdún mọ ohun tí àwòrán kò lè fi hàn. Kí a má sì fi ìwé bú ẹni tí ó ń tún ọkọ̀ wa ṣe, bí ẹni pé a mú un lólè. Ohun tí ó dára ni pé kí onílé ṣí ojú ewé náà, kí ó wí pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wo èyí, ṣé bí ti ọkọ̀ yìí náà ti rí nìyí?" Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ yóò yọ̀, nítorí òǹkà tí a kọ sílẹ̀ a máa gba òun náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Iṣẹ́ tí ó gba irinṣẹ́ tí onílé kò ní, bí títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ àti títún bíréèkì ṣe, kí ó fi sílẹ̀ fún ọ̀gá. Yíyẹ ọ́ìlì, bẹ́líìtì, bátìrì, rọ́bà epo àti àsẹ́ atẹ́gùn wò, tirẹ̀ ni.

Ohun kan ṣì kù tí ìwé atọ́nà kò lè ṣe: kò lè rántí. Ìwé náà mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí a ti ṣe. Nítorí náà, kí onílé ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, kí ó so ó mọ́ ìwé atọ́nà. Ní ojú ewé kìíní, kí ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ìgbàkígbà tí a bá ṣe nǹkan, kí ó kọ ọjọ́, iye kìlómítà, iṣẹ́ tí a ṣe, àti ohun tí a rà. Bí ó bá di ọjọ́ tí a fẹ́ tà á, ìwé kékeré yẹn yóò sọ̀rọ̀ ju ọ̀dà tuntun lọ. Bí a kò bá sì tà á, tí ó di ti ọmọ, ọmọ náà yóò mọ ibi tí bàbá rẹ̀ bá iṣẹ́ dé.

Ìjàpá tí a to pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì lè gbé wa lọ sọ́jà àti sí ibi iṣẹ́. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa ni kí a kà kí a tó tú, kí a wọ̀n kí a tó fà, kí a sì kọ lẹ́yìn tí a bá ṣe é tán.

Àwọn ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò

1. Kí ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kí a tó lo òǹkà inú ìwé?

2. Èwo ni ó léwu jù fún fáàfù, ààyè tí ó pọ̀ jù ni àbí èyí tí ó kéré jù? Kí ni ìdí rẹ̀?

3. Kí ni ó yẹ kí awakọ̀ Ìjàpá ṣe bí iná pupa ti dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà?

4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí iyọ̀, iyanrìn àti ọ̀rinrin etí òkun máa ń bà jẹ́, kí o sì sọ ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan.

5. Kí ni ìwé àkọsílẹ̀ lè ṣe tí ìwé atọ́nà kò lè ṣe?